Ìkúukùu kì í dí gbogbo sátẹ́láìtì lójú

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí Odò Ọya àti Bẹ́núè jọ kún bo Lọ́kọ́ja, tí omi gba títì Àbújá mọ́ àwọn ọkọ̀ lọ́wọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ni pé sátẹ́láìtì ò lè rí nǹkan kan níbẹ̀, ṣebí ojú ọ̀run ṣú.

Irọ́ kọ́ pátápátá. Èyí tó ń ya fọ́tò bíi kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló gbójú lé. Bí ìkúukùu bá ti bò ó, funfun báláú ló máa gbé wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ ríran.

Sentinel-1 ti àwọn ará Yúróòpù, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ gòkè lọ́dún 2014, ràdá ló gbé dání. Láti nǹkan bíi kìlómítà 700 lókè ló ti ń ju ìgbì máíkírówéèfù sílẹ̀, á wá dẹtí sí èyí tó bá ta padà. Ìgbì náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àbọ̀; ẹ̀kán omi inú ìkúukùu kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló fi ń gba àárín wọn kọjá, tọ̀sán tòru. (Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ìyá ni òun àti èyí tó ń mú ọbẹ̀ gbóná nínú ilé ìdáná yín. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò ní se iṣu yín nínú ebè.)

Báwo ló ṣe ń dá omi mọ̀? Ẹ ju bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ mọ́ ilẹ̀ dídán: iwájú ló máa ta sí, kò ní padà sọ́wọ́ yín. Bí omi tó pa rọ́rọ́ ṣe ń ṣe ìgbì ràdá nìyẹn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dúdú bíi kóró iṣin nínú àwòrán. Ilẹ̀ oko tó rí gbágungbàgun máa ń dá díẹ̀ padà. Wọ́n á gbé àwòrán ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúdú, omi ti gbà á.

Ti ọ̀rinrin ilẹ̀ yàtọ̀. SMAP, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó ń wọn ọ̀rinrin náà, gòkè ní oṣù kìíní ọdún 2015. Ràdá rẹ̀ kú láàárín oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò di: ìgbì tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tú jáde ló ń gbọ́. Ilẹ̀ gbígbẹ ń tú púpọ̀, ilẹ̀ tútù ń tú díẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún òkè ilẹ̀ ni gbogbo ohun tó mọ̀, ó sì ń wo bíi kìlómítà 40 lẹ́ẹ̀kan náà, kò lè ya oko yín sọ́tọ̀ sí ti aládùúgbò.

Àwọn tó wá rò pé sátẹ́láìtì ń ṣọ́ wa láìṣẹ́jú náà ṣì í. Ọjọ́ 12 ni Sentinel-1 kan fi ń padà sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Omi Lọ́kọ́ja jókòó pẹ́, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Omíyalé bíi ti Ògùnpa n'Íbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, lè dé kó sì ti lọ kó tó yí padà. Àárín ilé tún le: ògiri a máa dá ìgbì padà gan-an, omi tó wà ní ìsàlẹ̀ ògiri á sì fara pamọ́ sábẹ́ ibi tí ògiri yẹn ti mọ́lẹ̀ nínú àwòrán.