Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ bàálù lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀: ṣé ọ̀rẹ́ nìyẹn?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ bá wa dá sọ́rọ̀ yìí. Àbúrò wa ọkùnrin tó ń gbé ní Faransé wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa bàálù kékeré. Kì í ṣe iṣẹ́, fàájì ọjọ́ ìsinmi ni. Ìyá wa jáde láyé l'Àjàṣẹ́ níbí, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Àbúrò wa ò lè débí. Lọ́jọ́ tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó ní òun nìkan fẹ́ wa bàálù jáde, kí ọkàn òun lè fúyẹ́. Làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀! Ó ń sunkún lórí WhatsApp pé wọ́n dójú ti òun. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní kó fi ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀.

Ìyá Alágbàdo Kétu: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ wo nìyẹn? Ní Kétu níbí, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹlẹ́gbẹ́ wa, a ó jókòó tì í, a ó gbóúnjẹ lọ, a ó dáwó. A kì í tún gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tiẹ̀.

Ọlọ́zém Ìdénà: Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Ìyàwó ẹlẹ́gbẹ́ wa kan kú, kò pẹ́ tó tún gun zém (ọ̀kadà tá a fi ń gbérò) jáde. Ó lajú sílẹ̀, kò rí títì. Inú kòtò la ti gbé e lójú ọ̀nà Pobẹ̀. Kò sẹ́ni tó gba kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, gbogbo wa ń ṣe “ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́”. Orí ilẹ̀ nìyẹn o!

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Èmi náà ń wa bàálù kékeré ní Faransé. Wọ́n kọ́ wa pé ká tó gbéra, ká bi ara wa léèrè: ṣé ara mi yá? Ṣé mo lo oògùn? Wàhálà ńkọ́? Ọtí ńkọ́? Ṣé mo sùn, ṣé mo jẹun? Ṣé ọkàn mi balẹ̀? Ìbéèrè ọkàn yẹn ò kéré sí ti ọtí rárá. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í rí oorun sùn. Bó bá sì gbé oògùn oorun mì, òfin Yúróòpù ò fàyè gbà á kó wa bàálù nígbà tó mọ̀ pé ara òun ò pé. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ balẹ̀ ló le jù: o ń wo bí bàálù ṣe ń sáré sí, o ń wo bí o ṣe ga sí, atẹ́gùn ń fẹ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́, rédíò ń pè ọ́. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ wà nídìí sàréè ìyá ẹ̀ l'Àjàṣẹ́ á gbàgbé ọ̀kan. Òun fúnra ẹ̀ ló sì ń dáhùn ìbéèrè wọ̀nyẹn. Ta ni kò ní sọ pé ara òun le?

Télọ̀ Kò Sùn: Ẹ má sọ gbogbo ọ̀fọ̀ di àìsàn jàre. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀rọ ìránṣọ ló gbà mí. Ká ní wọ́n gbé e kúrò níwájú mi, mi ò mọ ohun tí ǹ bá dà. Ṣé wọn ò lè bá a wọ bàálù náà ni?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Wọ́n lè bá a wọ̀ ọ́. DR400, irú bàálù kékeré tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò níbí (igi àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ má bẹ̀rù) ní ìdarí méjì níwájú. Olùkọ́ lè jókòó tì í. Kò sì yẹ kí ìsinmi náà pẹ́ jù: bí èèyàn ò bá gbéra kó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín 90 ọjọ́, kò gbọ́dọ̀ gbé èrò.

Ìyá Alágbàdo Kétu: Ó dáa, mo gbọ́ ti bàálù. Ta ló wá lọ wò ó nílé?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹnì kan lọ o, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn. Ó gbé ọbẹ̀ lọ, ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Àbúrò wa ò kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Ọlọ́zém Ìdénà: Háà! Ẹ sì ti fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká!

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin: Èmi lẹ ń wí. Mi ò sọ pé kó fò. Ohun tó dùn mí ni pé ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ìyá. Kí ló dé tí wọn ò pè é sí kọ̀rọ̀? Kí ló dé tí wọn ò pè wá? Kó fi bàálù sílẹ̀ títí di ogójì ọjọ́, lẹ́yìn náà kí olùkọ́ ọlọ́bẹ̀ yẹn jókòó tì í. Àmọ́ ẹni tó já kọ́kọ́rọ́ gbà, kó má tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹni kan náà ni.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin: Ta ni?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ ló gbé ọbẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Obìnrin: Fi nọ́mbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èmi fúnra mi ni mo máa bá a sọ̀rọ̀.