Ẹ má fín ọ́ìlì sí díìsìkì kẹ̀kẹ́ yín o

Ẹ̀yin ará, mo rí ohun tí wọ́n ń pín kiri láàárín àwa tá a ń gun kẹ̀kẹ́ n'Íbàdàn, pé tí bíréèkì díìsìkì (èyí tó ní irin pẹlẹbẹ róbótó tó ń yí pẹ̀lú táyà) bá ń ké lẹ́yìn ẹrọ̀fọ̀, ká fín WD-40 (ọ́ìlì inú agolo tí wọ́n ń fín) tàbí ọ́ìlì míì sí i. Ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́ ni, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ṣéènì ló ń fẹ́ ọ́ìlì. Díìsìkì ní tiẹ̀, ṣe ni pádì, ìyẹn ohun tó ń fún un mọ́ra tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, gbọ́dọ̀ gbá a mú, ohun tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró nìyẹn. Tí ọ́ìlì bá kàn án, ariwo lè dákẹ́ lóòótọ́ o, àmọ́ bíréèkì ò ní mú dáadáa mọ́, ẹ wá fi ìyẹn sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Màpó kẹ́ ẹ wò ó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ariwo omi yàtọ̀ sí ariwo ọ́ìlì. Ti omi, tẹ́ ẹ bá rọra ń tẹ bíréèkì títí tó fi gbẹ, ó máa ń lọ. Ti ọ́ìlì ò lọ bọ̀rọ̀, pádì á ti fà á mu, ẹ ò sì ní pẹ́ ra òmíì.

Ẹ fi omi fọ ẹrẹ̀ kúrò, kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi isopropyl alcohol (irú ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan) àti aṣọ funfun nu díìsìkì. Tí aṣọ bá ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ yọ pádì wò náà, torí ẹrẹ̀ oníyanrìn máa ń jẹ ẹ́ kíákíá, tó bá ti jẹ títí tó fi fẹ́ kan irin ẹ̀yìn pádì náà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.