Kí Ẹ Tó Ra Hítà Mìíràn, Ẹ Wá Ibi Tí Ooru Ń Gbà Jáde

Bí ìgbà òtútù bá ti wọlé láwọn ilẹ̀ tó ń tutù, hítà tó ń mú yàrá móoru ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ rà. Bí ọ̀kan ò bá tó, wọ́n á ra ìkejì. Nígbà tí bíìlì bá wá dé lópin oṣù, àyà á já, wọ́n á pa gbogbo rẹ̀, wọ́n á máa fi kóòtù jókòó ní pálọ̀ ara wọn, wọ́n á sì máa gbọ̀n rìrì. Èmi ò fara mọ́ ìkínní, mi ò sì fara mọ́ ìkejì. Èrò ọkàn mi ni pé ọ̀pọ̀ ilé tó tutù, kì í ṣe hítà ló wọ́n wọn. Ooru ń wọlé, kò kàn ń pẹ́ níbẹ̀ ni. Owó tí èèyàn bá ná láti dá ooru dúró, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ná an. Èyí tó ń ná láti máa ṣe ooru tuntun dípò èyí tó sá lọ, ojoojúmọ́ ló ń ná an.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí ògiri ti lanu. Ẹ dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ wá fi omi pa ẹ̀yìn ọwọ́ yín, kí ẹ máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ sí etí fèrèsé, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ihò kọ́kọ́rọ́, ojú ibi tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí, àti ibi tí páìpù ti gba ara ògiri kọjá. Ibi tí òtútù bá ti ta yín lọ́wọ́, ibẹ̀ ni owó yín ń gbà jáde. Igi tùràrí tó ń rú èéfín náà dára fún iṣẹ́ yìí: ibi tí èéfín bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́ lójijì, ihò wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà má gbé e sún mọ́ kọ́tìnì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní rántí ẹnu àjà, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń ṣí láti gun abẹ́ òrùlé. Bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná, òkè ló máa ń lọ. Bí pátákó yẹn ò bá dé dáadáa, ńṣe ni ooru tí ẹ fi owó rà ń gun òkè jáde lálẹ́ lálẹ́. Àdògán ìdáná ayé àtijọ́ tí wọ́n mọ sínú ògiri, tí èéfín rẹ̀ ń gba òkè òrùlé jáde, tí ẹnikẹ́ni ò dáná sí mọ́, tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ihò ńlá tó lọ tààrà sójú ọ̀run ni.

Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kò sì wọ́n. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ lè ra èyí tó ní búrọ́ọ̀ṣì lábẹ́, ẹ sì lè ki àkísà sínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò àtijọ́ kan, kí ẹ rán ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa fi dí i ní alẹ́. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ihò tí wọ́n dìídì ṣe sí ògiri nítorí bọ́ílà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń se omi gbígbóná tó ń mú ilé móoru, tàbí ohunkóhun tó ń lo gáàsì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó wà ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀. Wọn ò ṣe wọ́n síbẹ̀ láti fi ooru ṣòfò.

Bí ilé bá jẹ́ tiyín, tí àjà sì wà níhòòhò, ẹ fi owó hítà ra òwú tó nípọn tí wọ́n dìídì ṣe láti dá ooru dúró (insulation), tí wọ́n ń tẹ́ sórí àjà kí ẹ tó ronú ohunkóhun mìíràn. Ní tèmi o, kò sí owó tó ń padà sọ́wọ́ ẹni nínú ọ̀rọ̀ òtútù tó èyí.

Gíláàsì fèrèsé náà ń jí ooru gbé, pàápàá èyí tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Kọ́tìnì tó nípọn dára, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń lò ó ló ṣe pàtàkì. Ẹ ṣí i lọ́sàn-án níhà tí oòrùn ti ń wọlé, torí ooru ọ̀fẹ́ nìyẹn; kété tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ fà á dí. Bí rédíétọ̀, ìyẹn irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá, bá wà lábẹ́ fèrèsé, kí kọ́tìnì má bò ó mọ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yìn kọ́tìnì ni ooru máa lọ, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí àga ò ní rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àga ńlá tí wọ́n gbé tì í. Ẹ sún un síwájú. Nílọ́ọ̀nù mímọ́ gaara kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ yí férémù fèrèsé ká, tí wọ́n á wá fi díráyà irun fẹ́ ẹ títí tó máa fi le gbọnrangandan. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín gíláàsì àti nílọ́ọ̀nù náà ló ń ṣiṣẹ́, torí afẹ́fẹ́ tí kò lè rìn kì í tètè gbé ooru lọ. Ìdí kan náà nìyẹn tí súwẹ́tà fẹ́lẹ́ méjì fi sábà máa ń móoru ju ẹyọ kan tó nípọn lọ.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ hítà fúnra rẹ̀. Ibí yìí ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, ó sì ń bí mi nínú. Gbogbo hítà tí ẹ ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ onífáànù, ìbáà jẹ́ èyí tó ní epo nínú, ooru kan náà ni wọ́n ń fún yín lórí yúnítì iná kan. Èyí tí wọ́n ń polówó pé ó kéré bí ọwọ́, pé ó máa mú gbogbo ilé móoru láì jẹ iná, irọ́ ni. Bí kò bá jẹ iná, kò lè mú ooru jáde. Wọ́n tún ń gbé fídíò káàkiri pé kí èèyàn da ìkòkò òdòdó bo àbẹ́là, pé yàrá á gbóná. Ooru àbẹ́là ò pọ̀ tó ooru ara èèyàn kan tó jókòó jẹ́ẹ́, ìkòkò ò sì fi nǹkan kan kún un. Ohun tó lè tètè ti ibẹ̀ wá ni kí ilé jó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Hítà oníwáàtì 2,000 tí ẹ bá tàn fún wákàtí 5, yúnítì 10 ló jẹ. Bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná tó ń lo wáàtì 100, bí ẹ bá tàn án fún wákàtí 8, kò ní jẹ tó yúnítì kan. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí èèyàn kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ móoru, lẹ́yìn náà yàrá tó wà, kó tó wá kan gbogbo ilé. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé látàárọ̀ ò nílò kí yàrá mẹ́ta tí kò sẹ́nì kankan nínú wọn máa gbóná. Kó ti ilẹ̀kùn wọn, kó dín rédíétọ̀ ibẹ̀ kù. Kó má pa á pátápátá o, nítorí omi tó bá dì nínú páìpù ń wú ni, ó sì lè bẹ́ páìpù.

Ẹni tó ní bọ́ílà náà ní ohun tó lè ṣe. Yíyí tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣètò bí ilé ṣe máa gbóná tó, sí dígírì 30 kò ní jẹ́ kí ilé tètè gbóná. Bó ṣe máa yára dé 19 tí ẹ fẹ́ náà nìyẹn. Pé kò ní dúró nígbà tó bá débẹ̀ nìkan ni ìyàtọ̀. Wọ́n tún máa ń sọ pé kéèyàn fi bọ́ílà sílẹ̀ tọ̀sántòru níwọ̀nba, pé owó ìyẹn kéré. Fún ọ̀pọ̀ ilé, kò rí bẹ́ẹ̀: bí inú ilé bá ṣe gbóná ju ìta lọ tó ni ooru ṣe ń sá tó, torí náà wákàtí tí ẹnikẹ́ni ò sí nílé, òfò ni. Ilé tó ń lo heat pump ló yàtọ̀, torí ìta ni ẹ̀rọ yẹn ti ń fa ooru wọlé, ó sì fẹ́ràn kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láì sinmi. Bí orí rédíétọ̀ bá tutù tí ìdí rẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kékeré rẹ̀ tú u jáde nígbà tí gbogbo rédíétọ̀ náà bá ti tutù.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí gbogbo wa fara balẹ̀ rèé. Àwọn kan máa ń yangàn pé àwọn ò tan hítà látìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò rò pé ohun ìyangàn ni. Lọ́dún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí inú ilé má ṣe tutù ju dígírì Celsius 18 lọ nígbà òtútù, wọ́n sì ní ó lè yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún arúgbó, ọmọdé àti aláìsàn. Òtútù ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sókè. Bí ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá tó ti dàgbà nílé, ẹ gbé ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru sí yàrá wọn, kí ẹ máa wò ó. Ẹ má kàn bi wọ́n léèrè, torí àwọn àgbà á ní kò sóhun tó ṣe àwọn, kí wọ́n má bàa ni yín lára.

Ọ̀rinrin náà ń bọ̀ lẹ́yìn òtútù. Ilé tí a dí pinpin, tí a ń se oúnjẹ nínú rẹ̀, tí a ń sá aṣọ sórí rédíétọ̀, ògiri rẹ̀ á bu, àmì dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní kọ̀rọ̀, ẹni tí èémí rẹ̀ kì í já geere ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ ṣí fèrèsé gbayawu fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí ẹ sì tì í. Afẹ́fẹ́ nìkan ló máa jáde. Ooru tó wà lára ògiri àti àga kò ní tíì sá lọ. Ìyẹn sàn ju kéèyàn fi fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bó ti wù kí òtútù mú tó, ẹ má gbé èédú tàbí jẹnẹrétọ̀ wọlé, ẹ má sì ṣí ilẹ̀kùn ààrò gáàsì sílẹ̀ kó lè mú ilé gbóná. Afẹ́fẹ́ carbon monoxide tó ń jáde lára wọn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ojú oorun ló ti máa ń pa odindi ìdílé. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń pariwo bí afẹ́fẹ́ náà bá wà nínú ilé. Hítà ńlá náà, ara ògiri ni kí ẹ kì í bọ̀, kì í ṣe wáyà alásopọ̀ tí nǹkan mẹ́ta ti wà lára rẹ̀.

Àwọn ayálégbé ni ọ̀rọ̀ yìí dùn mí fún jù. Onílé kì í sábà san bíìlì ooru, ìdí nìyẹn tí àjà fi lè wà níhòòhò fún ogún ọdún kí ara má ta á. Ìmọ̀ràn mi ni pé ohun tí ẹ máa lè gbé lọ bí ẹ bá ń kó jáde ni kí ẹ fi owó yín rà: kọ́tìnì, kápẹ́ẹ̀tì, bùláńkẹ́ẹ̀tì. Àjà, fèrèsé tó ti jẹrà àti bọ́ílà tó ti gbó, onílé ló ni wọ́n. Ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ayálégbé bá pọ̀ nínú ilé náà, ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ìgbà ooru ni kí ẹ kọ ọ́, nígbà tí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ṣì dilẹ̀, tí onílé ò sì lè sọ pé kò sẹ́ni tó ráyè wá ṣe é.