Àtúnṣe: Àwòrán nìkan ò tó láti fi mọ ọ̀wọ́ gálásì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé bí gálásì (àgbájọ ìràwọ̀ rẹpẹtẹ) bá ti ṣù jọ nínú àwòrán, ọ̀wọ́ kan náà ni wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán kì í fi bí nǹkan ṣe jìnnà tó hàn. Gálásì kan lè wà nítòsí wa, kí èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀ réré, síbẹ̀ kí wọ́n dà bí ẹni fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn.

Lóòótọ́, àwọ̀ gálásì máa ń jẹ́ ká fojú bu bó ṣe jìnnà tó, torí èyí tó jìnnà gan-an máa ń pupa. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nítòsí tí eruku bò lè pupa bí èyí tó jìnnà gan-an (ó ti tan àwọn onímọ̀ jẹ rí). Ohun tó ń yanjú ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n tú ìmọ́lẹ̀ gálásì kọ̀ọ̀kan palẹ̀, kí wọ́n wá ìlà tí ọ́síjìn tàbí háídírójìn fi síbẹ̀. Ìlà ọ́síjìn kan wà tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 500.7. Bí redshift (iye tó ń sọ bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe gùn sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ wa; bó bá ṣe pọ̀ tó ni gálásì ṣe jìnnà tó) bá jẹ́ 7.88, gígùn náà á di ìlọ́po 8.88 (ìyẹn 1 àti 7.88), nǹkan bíi nánómítà 4,446. Ojú kò lè rí i, àfi awò awọ̀nàjíjìn bíi James Webb.

Awò yìí náà ni wọ́n fi fìdí ọ̀wọ́ gálásì tí wọ́n ń pè ní A2744-z7p9OD múlẹ̀ lọ́dún 2023: redshift gálásì méje fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ní 7.88. Àwòrán awò Hubble ti mú àwọn onímọ̀ fura ṣáájú. Síbẹ̀, ọ̀wọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kóra jọ ni wọ́n pè é, kì í ṣe èyí tó ti dàgbà.