Labalábá tó fẹ̀ ju ẹyẹ lọ

Àwọn àgbà ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n labalábá kan wà nínú igbó kìjikìji ilẹ̀ Áfíríkà tó jẹ́ pé, lójú tèmi, òwe yẹn kò bá a wí. Papilio antimachus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, òun ló tóbi jù nínú gbogbo labalábá Áfíríkà. La ìka ọwọ́ rẹ dáadáa, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín. Bó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó lè gùn ju ìyẹn lọ: sẹ̀ǹtímítà 18 sí 23. Ẹyẹ kéékèèké mélòó ni apá wọn tó bẹ́ẹ̀?

Láti Sierra Leone ni wọ́n ti mú èyí tí Dru Drury, onímọ̀ kòkòrò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa rẹ̀ ní 1782. A máa ń rí i ní Ghana, Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti Kóńgò, títí dé ìwọ̀-oòrùn Uganda.

Akọ ló sábà máa ń hàn síta. Ó máa ń sọ̀kalẹ̀ wá sórí iyanrìn tútù létí odò, kó lè mu omi tó ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú. Abo kì í sábà sọ̀kalẹ̀. Òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ewé igi gíga ti pàdé, ló ń gbé.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Bí àwọn agégẹdú bá wọ igbó, igi ńlá ni wọ́n ń wá: ìrókò, ọ̀gànwó, afàrà. Ní ọdún bíi mélòó kan sí i, ìtàkùn àti igi wẹ́wẹ́ á ti bo ojú ibẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ á wá ní igbó ṣì wà. Igbó wo? Ilé abo ti wó. Iyanrìn odò lè ṣì wà fún akọ, àmọ́ abo wo ni yóò yé ẹyin?

Àwọn kan ń di ẹ̀bi ru àwọn tó ń fi àwọ̀n mú labalábá tà. Èmi náà kò fẹ́ràn òwò yẹn rárá. Ṣùgbọ́n akọ tó wá mumi ni àwọ̀n sábà ń bá. Ayùn ló ń lé t'akọ t'abo kúrò nílé. Májèlé tó ń da iṣẹ́ ọkàn rú wà nínú ara labalábá yìí, ìyẹn ló fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹyẹ. Kò lè fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ayùn.

Bí ìjọba kankan bá ní òun ń dá igbó sí, kí wọ́n má kàn ka hẹ́kítà lórí máàpù. Kí wọ́n lọ ka igi gíga tó ṣì dúró nítòsí odò, kí wọ́n sì fòfin de gígé wọn.