Ajá tó gbọ́ràn ò sí níwájú àgbọ̀nrín

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan, a ń sọ pé ká kó àwọn ọmọ lọ sí Knole ní Sevenoaks, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, kí wọ́n lọ wo ilé ńlá àtijọ́ yẹn àti àwọn àgbọ̀nrín tó ń jẹ̀ káàkiri ọgbà ẹ̀, mo wá sọ fún àbúrò wa kan tó ní ajá Labrador pé kó má gbàgbé okùn ajá o. Ló bá ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn yín balẹ̀, ajá tèmi ti lọ síléèwé, tí mo bá ti pè é báyìí ó ti dé, àti pé ṣé àgbọ̀nrín tibí náà lẹran igbó ni?" Gbogbo tábìlì ń mi orí. Mo dojú kọ ráìsì mi, mi ò fẹ́ ba òde olóde jẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò nínú mi.

Ó ti sú mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti náwó sí kíláàsì ajá ló máa ń sọ ọ́. Àgbọ̀nrín èṣí lẹ ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Fenton ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbàgbé fídíò yẹn ní November 2011? Richmond Park ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ajá dúdú kan ń lé agbo àgbọ̀nrín sọdá títì, olówó ẹ̀ ń sá tẹ̀ lé e, ó ń pariwo "Fenton! Fenton!", ó ń ké pe Jésù, gbogbo ayé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Labrador ni wọ́n pe Fenton o, irú ajá tí wọ́n fi ń mú afọ́jú rìn, kì í ṣe ajá ìgboro tí ẹnì kankan ò kọ́. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àwọn baba wa tó ń mú ajá wọgbó ló sọ ọ́, ohun tí wọ́n fojú rí ni. Tẹ́ ẹ bá sì rò pé ẹ̀rín lásán ni, ní 2021 ilé-ẹjọ́ bu fáìnì £600 lé ẹnì kan tí ajá red setter ẹ̀ lé àgbọ̀nrín ní Richmond Park kan náà tó sì bù ú jẹ, pípa ni wọ́n wá pa ẹran náà.

Èmi gan-an tí mò ń pariwo yìí, ó ti ṣe mí rí. Ajá mi ń jẹ́ Bingo, bẹ́ẹ̀ ni, Bingo, ẹ rẹ́rìn-ín yín tán. Ní páàkì ẹ̀yìn ilé wa, tí mo bá súfèé lẹ́ẹ̀kan péré, á fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, á fi ajá ẹlòmíì sílẹ̀, á sáré wá jókòó síwájú mi bí ọmọ Sunday school. Ìyẹn ló tàn mí jẹ. June ni, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, a wà ní Knole, pátákó tó ní ká so ajá wà níbẹ̀, mo rí i, mo kà á, mo ní àwọn tí ajá wọn ò gbọ́ràn ni wọ́n ń bá wí. Mo tú u. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gbé imú sókè, ó dúró gbagidi. Mo súfèé. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí, mo fi Ọlọ́run búra ó gbọ́ mi, ó kàn yíjú padà ni, ó wọ inú koríko gíga lọ. Mo súfèé títí ètè mi fi gbẹ, mo ń gbé sọ́sééjì sókè bí ẹni ń ta ọjà, kò sí Bingo. Ìgbà tó máa jáde, abo àgbọ̀nrín kan ló ń lé e bọ̀, ó da etí sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ iwájú gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, igbe tí Bingo ké lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi tiro. Mo san £280 fún dókítà ẹranko, ìyàwó mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé láti May dé July ni wọ́n máa ń bímọ, ìyá á tọ́jú ọmọ sínú koríko, á lọ jẹun, á máa padà wá fún un lọ́mú. Ọmọ yẹn ò ní mira, ẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ má rí i, àmọ́ imú ajá á rí i. Èwo ló wá kan ìyá ọmọ pé ajá yín níwèé ẹ̀rí? Àti pé bisikíìtì ni tíṣà fi ń kọ́ ajá, ajá tó ń lé ẹran kò nílò bisikíìtì, eré yẹn fúnra ẹ̀ ló dùn mọ́ ọn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Kódà tí kò bá fẹnu kan àgbọ̀nrín, tó kàn lé e lásán, ìpayà àti eré àsápajúdé yẹn lè ba iṣan ara ẹ̀ jẹ́, kó kú lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀yin ti délé, ẹ ti ń mu tíì.

Wọ́n tún máa ń ní láyé àtijọ́ ajá àti àgbọ̀nrín jọ ń gbé nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni. Jọ ń gbé kẹ̀! Ọba Charles Kìíní ló mọ ògiri yí Richmond Park ká ní 1637, torí kó lè máa ṣọdẹ àgbọ̀nrín níbẹ̀ sì ni. Iṣẹ́ tí ajá ń wá ṣe níbẹ̀ nìyẹn.

Ti pé ẹran ilé ni wọ́n, oúnjẹ tí àwọn èèyàn ń fún wọn láìgbàṣẹ ló jẹ́ kí wọ́n máa sún mọ́ wa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbọ̀nrín tiwa nílé, ìwo ẹ̀ kì í já, àwọn tibí, ọdọọdún ni ìwo akọ wọn ń já tó ń hù òmíràn, tó bá sì dìgbà ìwọ́wé tí wọ́n ń bára wọn jà nítorí abo, akọ irú èyí tí wọ́n ń pè ní red deer lè wúwo tó 190 kílò. Ní Richmond Park, 50 mítà ni wọ́n ní kéèyàn fi jìnnà sí wọn. Kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ nípa ewúrẹ́?

Ó dáa, àwọn ọgbà kan wà tó ń gbà kí ajá rìn láìsí okùn láwọn ibì kan, ajá arúgbó tí kò lè sáré mọ́ sì lè wà tí kò ní dá wọn lóhùn. Labrador ọmọ ọdún méjì kọ́ nìyẹn.

A ṣì ń lọ o, èmi àti Bingo, inú wa sì ń dùn, tá a bá délé màá wo abẹ́ etí àti abíyá ẹ̀ bóyá eégbọn ti gun un. Ìgbà tá a lọ kẹ́yìn, àwọn àgbọ̀nrín wà lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń jẹ̀ jẹ́jẹ́ lábẹ́ igi. Bingo tí wọ́n gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó tiro fún ọ̀sẹ̀ méjì, ló tún fa okùn yẹn báyìí, èjìká mi ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ èyí.