Àgádágodo Ọ̀tá

Ẹ kú àdúrà o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Mo rí i pé ẹ ò sùn. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Micra mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà Òkè-Àdó, gbogbo èrò inú wọn ló gbé àgádágodo lé itan. Màmá kan tó jókòó níwájú gbé tiẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Àgádágodo náà tó orí ewúrẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ kú ìrìn o, ṣọ́ọ̀bù wo lẹ fẹ́ lọ tì?" Ojú tí wọ́n fi wò mí, mo mọ̀ pé bí mo bá tún fọhùn, èmi gan-an ni wọn yóò tì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn yín ná. Ọgbọ́n tí ẹ dá yìí, pé kí ẹ máa ti ọ̀tá mọ́nú àgádágodo níbi ìṣọ́ òru ìjọ yín, àwọn baba wa ò dá a. Wọ́n mọ odi yí ìlú ká, wọ́n ra ìbọn, wọ́n kó ara wọn lọ sí Kírìjì, láti 1877 títí di 1893 ni àwọn àti Èkìtìparapọ̀ fi ń yìnbọn lu ara wọn lórí òkè. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú síbi ogun náà, kò rí òpin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àgádágodo méjì péré fún àwọn olórí ogun Èkìtìparapọ̀ ni ì bá parí ọ̀rọ̀: Ògèdèǹgbé nínú ńlá, Fábùnmi nínú kékeré, kí Ààrẹ ju kọ́kọ́rọ́ sódò, kí oníkálukú lọ sílé lọ jẹ àmàlà.

Ìbéèrè díẹ̀ ló kù mí kù, ẹ má bínú. Ọ̀tá mélòó ni àgádágodo kan ń gbà? Mo bi ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, ó ní bó bá ṣe tóbi sí ni. Èyí tó kéré, tí à ń fi ti àpótí, ọ̀tá ibi iṣẹ́ ni. Èyí tó mọ níwọ̀n, onílé tó fẹ́ fowó kún owó ilé. Èyí tó tó orí ewúrẹ́, ilé bàbá ẹni lódindi, àti àwọn tó ti kú níbẹ̀. Ó ní tuntun ló gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí èyí tó ti ṣiṣẹ́ rí ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná! Wọn á kọ orúkọ ọ̀tá sínú bébà, wọn á ká bébà náà wínníwínní, wọn á kì í bọ ojú ihò kọ́kọ́rọ́, wọn á pariwo "Gbà!" lẹ́ẹ̀meje, wọn á tẹ̀ ẹ́, yóò dún kó. Ó parí. Ọ̀tá ti wà níbẹ̀.

Bó bá wá dógùn-ún ńkọ́? Ṣé ọ̀tá náà yóò dógùn-ún pọ̀ mọ́ ọn ni, àbí yóò jábọ́? Gbogbo èyí tí mo rí lọ́wọ́ wọn, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é wá. Ṣé ó gbọ́ Yorùbá? Bí ẹ bá dúró láago kan òru, tí ẹ ń ké pé "gbogbo ẹni tó ń lé mi lójú oorun," ta ló ń túmọ̀ fún un? Bí ọ̀tá yín náà bá sì wà ní ìjọ kejì, tí òun náà ń tì yín pa lóru ọjọ́ kan náà, ta ni yóò ṣí ta? Ó lè jẹ́ pé inú àgádágodo ẹlòmíì ni mo ti ń kọ èyí sí yín. Kò sì ní yà mí lẹ́nu, nítorí orúnkún ti ń dùn mí láti ọjọ́ Sátidé, ibẹ̀ há jù.

Pásítọ̀ tó gbé ètò náà kalẹ̀, Dádì ni wọ́n ń pè é. Dádì yìí ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì ń wá ibi tí yóò dúró sí. Mo fojú ara mi rí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ tó ń pè é ní Dádì. Èmi bí ọmọ márùn-ún, mo sanwó ilé ìwé títí eyín fi ń ro mí, nínú ilé mi, Dádì kì í jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni àyàfi tí wọ́n bá gbọ́ ìró ọ̀rá búrẹ́dì. Ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ojú mi ò rí ẹ̀sìn rí. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tó ní ojú òun ò rí ẹ̀sìn, afọ́jú ni. Nílé ìwé girama, olùkọ́ wa kan wà tó ń gba ìwé ẹgbẹ́ awo Rosicrucian láti òkè òkun nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. A ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹkùn, a ní ó lè rí ohun tí a ń ṣe lábẹ́ tábìlì. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi jẹ gúgúrú lábẹ́ tábìlì náà, kò rí i. Àwọn ẹlẹ́sìn tó ń ka ìwé Grail wà ládùúgbò, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń lọ, wọn ò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. L'Ékòó, ní Maryland, ẹnì kan wà tó ní òun ni Jésù, Jésù Òyìngbò ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí títí tó fi kú ní 1988. Tiwa náà sì ń bẹ: bí ẹ bá ń bọ̀ láti Èkó lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí ẹ tó wọ Ìbàdàn, ẹ ó kan abúlé Maharaj Ji, níbi tí wọ́n ti ń pe olórí wọn ní ọ̀gá pípé tó ń bẹ láàyè. A rí gbogbo wọn, a rẹ́rìn-ín, a kọjá lọ. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ní kí wọ́n lọ tú àgádágodo gééètì mi.

Ẹ̀ẹ́n, mo ti sọ ọ́. Mo fẹ́ fi pamọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Àbúrò ìyàwó mi ń gbé lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ọmọ méjì. Dádì ní kí gbogbo ìjọ mú àgádágodo wá. Kò sówó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ bá ti gééètì. Àgádágodo tí mo ti ń lò láti ọdún mẹ́sàn-án, tí òjò ti pa, tí oòrùn ti pa, tí mo máa ń ta epo sí lẹ́nu lóṣooṣù bí ẹni ń fún ọmọ ní oògùn, ó yọ ọ́, ó nù ún, ó gbé e lọ síbi ìṣọ́ òru. Òfin pé tuntun ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kò rántí ìyẹn. Wọ́n tì í. Ní ìdájí, gbogbo ìjọ tò lọ sórí afárá, wọ́n ju àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́ sínú odò Ògùnpa. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kó lọ o, títí kan èyí tó wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó, tí mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ ibẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan náà, bí wọ́n ti ń ti ọ̀tá pa lọ́hùn-ún, gééètì mi ṣí sílẹ̀ gbayawu níhìn-ín. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Aláǹgbá wọlé. Ó gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ bàtà mi jáde, ó fi tiẹ̀ tó ti já sílẹ̀ fún mi. Ìbàdàn, níbi olè gbé ń jàre olóhun. Láti kékeré ni mo ti ń ki oríkì yẹn, mi ò mọ̀ pé èmi ni olóhun.

Mo pe obìnrin náà jókòó. Mo ní, "Ẹ wo ohun tí ẹ ṣe." Nígbà tí inú bá bí mi ni mo máa ń fi "ẹ" bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, ojú ẹ̀mí ni kí ẹ fi wò ó. Àdúrà yẹn ló wọlé. Ọ̀tá rí i pé a ti tì òun, ló fi wá gbẹ̀san lára jẹnẹrétọ̀." Ó ti fi ohùn ránṣẹ́ sí Dádì lórí fóònù. Dádì ní àgádágodo kan kò tó fún irú ilé wa, kí a mú méjì wá lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Ẹ ò rí i pé ọjà yìí dára? Bí olè ò bá wá, àgádágodo ló ṣiṣẹ́. Bí olè bá wá, àgádágodo ló ṣiṣẹ́ jù. Mo ti ṣòwò rí, mi ò rí ọjà tí kì í bàjẹ́ lọ́wọ́ alájàpá bí irú èyí.

Ìyá tó bí màmá mi lọ sí Òkè-Ooye ní Iléṣà ní 1930, nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ó gun ọkọ̀ akẹ́rù, ó tún fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó lọ gbọ́ ìwàásù rẹ̀ yìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà fún ìjọba kí ìpè tó dé bá a ní 1928. Agogo lọ́wọ́, Bíbélì lọ́wọ́, omi nínú ìgò. Màmá àgbà ní òun ò san kọ́bọ̀ fún omi náà. Ohun tó sì máa ń sọ fún wa jù ni ti òkìtì tó wà níbẹ̀: oògùn tí àwọn èèyàn kó jáde nílé wọn pé kí wọ́n dáná sun. Oǹdè, ìgbàdí, ìwo tí wọ́n fi òwú pupa àti òwú dúdú wé, àti àgádágodo. Bẹ́ẹ̀ ni, àgádágodo, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹnu ẹlẹ́jọ́. Ohun tí àwọn ìyá yín kó jáde láti jó níná, ẹ̀yin lẹ wá ń fi Micra gbé wọlé. Bí ó bá jẹ́ ọjà Bódè lẹ ti rà á lọ́wọ́ àwọn lekúlejà, ọ̀rá dúdú lẹ ó fi wé e, ẹ ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí pásítọ̀ má baà rí yín. Nísinsìnyí, pásítọ̀ ló ní kí ẹ mú un wá.

Mi ò tíì sọ èyí tó dùn mí jù. Mo bi í pé, "Orúkọ ta lo kọ sínú bébà tí o kì sínú àgádágodo mi?" Ó dákẹ́. Ìyàwó mi ló sọ ọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni.

Ìyá yẹn ń ta ẹ̀kọ ní Bẹẹrẹ. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń dáná. Òun ló wẹ ọmọ méjèèjì fún un, òun ló gbé wọn pọ̀n nígbà tí àbúrò ìyàwó mi dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọjọọjọ́ Àìkú ni ó ń fi ẹ̀kọ àti ẹja tútù ránṣẹ́ sí wa, èmi náà ń jẹ níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọkọ ló sá lọ sí Èkó, oṣù mẹ́jọ rèé, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Kò sí àgádágodo fún ìyẹn! Orúkọ ìyẹn kò wọ bébà! Nínú gbogbo irin tí ẹ jù sínú Ògùnpa, ẹ lọ wá a wò bóyá ẹ ó rí orúkọ ọkùnrin kan tó jẹun ọmọ mọ́lẹ̀. Arúgbó lẹ rí tì. Arúgbó tí kò lágbára àtiṣí ìdérí ìkòkò. Ojú ò tì yín? Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ọdún Òkè'Bàdàn, tí orin èébú kì í ṣe èèwọ̀, la wà yìí, mo mọ orin tí ǹ bá kọ fún yín, mo sì mọ ẹ̀yà ara tí ǹ bá dárúkọ.

Ògùnpa gan-an ńkọ́? Mo wà láyé ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ tí omi yalé. Mo rí mọ́tò tó ń fò lórí omi bí igbá. Ilẹ̀ tí a dà dí ojú odò wà lára ohun tó mú omi náà wá bá wa nílé. Ẹ wá tún fẹ́ fi irin kún un. Ẹ ti odò pa, ẹ wò ó bóyá yóò gbọ́ "Gbà!"

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ sí Dùgbẹ̀ lọ ra òmíràn. Ọmọkùnrin tó ń tà á wò mí láti òkè délẹ̀, ó rí bàtà olè ní ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ káàsán sà. Ti ẹnu ọ̀nà ni àbí ti ọ̀tá?"

Mo ní kí ni ìyàtọ̀.

Ó ní, "Ti ọ̀tá dín owó, sà. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Èyí tí kọ́kọ́rọ́ wọn bá ti sọnù la máa ń kó jọ fún wọn, wọ́n á kúkú jù ú nù náà ni. Ṣùgbọ́n ó ti tán láti ọjọ́ Ẹtì."

Mo ní kó fún mi ní ti ẹnu ọ̀nà. Ó tún bi mí bóyá mo fẹ́ kó bá mi kó kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọ̀rá kan. Mo ní rárá, kó kó wọn lé mi lọ́wọ́, mo ti mú okùn tí n ó fi so wọ́n mọ́ ọrùn wá láti ilé.